Wáìnì Tí Kò Mọ Ọsàn

"Nùsírátù, ọsàn wo lèyí?"

Alhaji Mùsúdù gbé ife kúrò lẹ́nu, ó gbé e sókè síbi tí iná wà, ó ń wò ó. Ohun tó wà nínú ife náà pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin. Ládàánì mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn ilé kò tíì pe ìrun Màgàríbí tán. Àkàrà gbígbóná wà lórí tábìlì, ògì ń rú èéfí nínú abọ́, kóró dàbínù mẹ́ta sì wà nínú àwo Bàbá.

"Wáìnì ọsàn ni, Bàbá," ni Nùsírátù dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Bọ̀dá Láńre ló mú un bọ̀ láti Ítálì. Wọ́n ní ti àlejò pàtàkì ni. Mo wá ní, ta ló tún ṣe pàtàkì tó bàbá mi?"

Bàbá kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé ife náà kalẹ̀.

"Èyí kì í ṣe ọsàn," ló wí. "Ọtí ni."

"Ọtí kẹ̀? Bàbá, wáìnì ni mo ní!"

Kí ẹ tó dá Nùsírátù lẹ́bi, ẹ rántí ibi tí a wà. Ní Festac, wáìnì kì í ṣe ọtí dandan. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ nílé Mùsùlùmí, wáìnì á wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ń ṣe wòlímọ̀, ìgò gígùn-gígùn ni wọ́n máa ń tò síwájú àwọn ààfáà, omi èso tó dùn bíi ṣúgà, tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè mu tí ojú rẹ̀ ò ní í pọ́n. Ọsàn sì rèé, òun lọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń fi sẹ́nu bí oòrùn bá wọ̀ nínú ààwẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ wáìnì, tó tún gbọ́ ọsàn, kí ló tún fẹ́ béèrè? Àtọ̀sán ni Nùsírátù ti gbé ìgò náà sínú fíríìjì. Nígbà tí kò mọ ohun tí wọ́n fi ń fa kọ́ọ̀kì rẹ̀ jáde, ó fi èèkù ọ̀bẹ tì í wọnú, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ń ṣe bàbá òun lálejò.

"Mo mọ ọtí, ọmọ mi," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kí n tó lọ Mẹ́kà, èmi àti ọtí ti ṣọ̀rẹ́ rí. Ojú ọ̀nà yòówù kó gbà wọlé, n ó dá a mọ̀."

Ó dìde, ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó ń yọ ẹnu, ó ń tu ú, ó tún ń yọ ọ́. Láti ìgbà tí ìyá Nùsírátù ti kú, kò sí ààwẹ̀ tí Bàbá kì í wa Pijó àtijọ́ rẹ̀ láti ilé wọn ní Àmúwò wá sí Festac ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kó lè bá ọmọ kan ṣoṣo tó bí ṣínu. Bàbá onílẹ̀ ni, ó lẹ́bí, ó láyálégbé, ẹni tó máa pè é jẹun kò wọ́n. Ọ̀dọ̀ Nùsírátù ni ó máa ń wá. Òun ló wá fọwọ́ ara rẹ̀ bu ọtí fún un lórí ààwẹ̀.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn nígbà tí Láńre ti mọ́sálásí dé. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Ọláńrewájú, ọkọ Nùsírátù, ti lò ní Ítálì. Oko èso ló ní òun ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ lórí fóònù títí tí gbogbo ẹbí fi ń pè é ní ọkọ ọlọ́sàn. Ní ààwẹ̀ ọdún 2009 yìí ló wálé, ó mú fisà ìyàwó rẹ̀ dání. Bí wọ́n bá ti ṣe ọdún ìtúnu tán, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lọ.

"Àsàlámù àlékúmù," ni Láńre wí lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ìgò, ó wo ife, ó wo Bàbá tó ń fi ìnuwọ́ nu irùngbọ̀n. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

Bàbá kò dá sálámà náà lóhùn tán tó fi béèrè. "Ọláńrewájú, èso wo lẹ ń gbìn ní oko yín?"

"Àjàrà ni, Bàbá."

"Kí lẹ ń fi àjàrà náà ṣe?"

Láńre wolẹ̀. "Ọtí ni, Bàbá. Wáìnì."

"Iṣẹ́ tìẹ níbẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń tọ́jú ìkòkò tí ó ń hó sí."

Bàbá mi orí. "Èyí tí mo mu, àṣìṣe ni. Ọlọ́run kì í fi àṣìṣe mú ẹrú rẹ̀. Èyí tí o ń sọ fún wa láti ọdún mẹ́fà, ṣé àṣìṣe lòun náà?" Ó mú fìlà rẹ̀ lórí àga. "Nùsírátù kò ní bá ọ lọ. Mi ò tọ́ ọmọ fún ilé ọtí."

Kò fọwọ́ kan àkàrà. Wọ́n gbọ́ nígbà tí Pijó rẹ̀ ń wúkọ́ nísàlẹ̀, wọ́n gbọ́ nígbà tó yí kọ́nà òpópónà wọn, lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ nǹkan mọ́.

"Orange wine ni mo pè é fún ọ," ni Láńre wí. "Ọ̀rẹ́ mi tó ní òtẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá Apple Junction ni mo mú un wá fún. Òun ni àlejò pàtàkì tí mo ní lọ́kàn. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ọ, mo kàn ń..."

"O purọ́ fún mi."

Ọdún mẹ́sàn-án ni Láńre fi ju Nùsírátù lọ. Láti ìgbà tó ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Nùsírátù ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, "Bọ̀dá Láńre, ẹ káàsán" ni ó mọ̀. Wọ́n fẹ́ra tán, ó ṣì ń jẹ́ "Bọ̀dá Láńre, ẹ wá jẹun." Ẹ̀gàn ò sí níbẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni "ẹ" yẹn bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣà á.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Òjò bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn sààrì, kò sì fẹ́ dá. Kì í ṣe òjò oníjàgídíjàgan, òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí í bo gbogbo ilé Festac bí aṣọ ìbora ni, tí ìwọ̀nba ìró tí èèyàn ń gbọ́ á fi dà bíi pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Nùsírátù kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó dùbúlẹ̀ sórí àga, ebi ààwẹ̀ àti òjò sì gbé e lọ.

Ó rí ara rẹ̀ lórí òkè kan tí kò dé rí. Igi kúkúrú-kúkúrú tò lọ bẹẹrẹbẹ ní ọ̀nà méjèèjì, ewé wọn ń pọ́n, kò sì sí ènìyàn kankan. Ilẹ̀ tó tẹ̀ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kùn jẹ́jẹ́, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó da etí sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí nígbà tó jí.

Láńre jókòó sí bálíkónì, ó ń wo òjò. Nùsírátù wé ìborùn rẹ̀ dáadáa, ó gbé àpótí tì í.

"Sọ fún mi," ló wí. "Gbogbo rẹ̀. Tó o bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pamọ́, n ó mọ̀."

Láńre fọwọ́ pa ojú. "Ṣé o mọ̀ pé àjàrà ní dúdú, ó ní funfun? Èyí tí wọ́n ń pè ní funfun yẹn, ó jọ àwọ̀ ewé. Ní ibi púpọ̀, bí wọ́n bá ká funfun, wọ́n á fún un, wọ́n á da èèpo rẹ̀ nù kíá, omi nìkan ni wọ́n fẹ́. Dúdú ni wọ́n máa ń fi omi àti èèpo rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀, torí pé èèpo ló ń sọ wáìnì di pupa. Bàbá tó ni oko tiwa kò gbà. Àjàrà funfun ló ní, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é bíi dúdú. Kì í da èèpo nù."

"Kí ló dé?"

"Ó ní bí àwọn bàbá ńlá òun ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ẹ̀rọ tó dé. Nígbà tó kọ́kọ́ padà sí i, àwọn ará abúlé rẹ̀ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n ní wáìnì rẹ̀ ti bàjẹ́, pé wo àwọ̀ rẹ̀. Kò dá wọn lóhùn."

"Inú kí ni wọ́n ń rọ ọ́ sí?"

"Ìkòkò amọ̀. Nùsí, àwọn ìkòkò yẹn ga jù mí lọ! Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn, ẹnu wọn nìkan lo máa rí. Wọ́n fi ìda oyin pa inú rẹ̀ kó má baà jò. Omi àjàrà, èèpo, kóró, gbogbo rẹ̀ á wọnú ibẹ̀."

"Kí ni wọ́n ń fi sí i tó fi ń di ọtí?"

"Wọn ò fi nǹkan kan sí i. Kí ni wọ́n ń fi sí ẹmu? Ó máa ń hó fúnra rẹ̀. Bó bá ti ń hó, èèpo á léfòó, á dì lórí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi igi gígùn tì í padà sísàlẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Tí mi ò bá tì í, òkè á gbẹ, á kan. Bí mo bá ṣíwọ́, mo máa ń jókòó tì wọ́n. Wọ́n máa ń kùn. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tiẹ̀."

Nùsírátù fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ìkùn yẹn," ló wí. "Ṣé òun ni mo máa ń gbọ́ lórí fóònù? Mo bi ọ́ pé kí ló ń dún lẹ́yìn rẹ, o ní omi ni."

"Òun ni. Ibẹ̀ nìkan ló máa ń dákẹ́ tó láti bá ọ sọ̀rọ̀."

Nùsírátù ti gbọ́ ìró yẹn fún ọdún mẹ́fà. Ìgbà míì wà tí ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu àwọn méjèèjì, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gé fóònù, tí wọ́n á kàn jọ máa gbọ́ ọ. Ó máa ń rò pé odò kan ló wà ní ẹ̀yìn ilé ọkọ òun, ó tilẹ̀ ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ odò náà. Inú bí i pé irọ́ ni, inú rẹ̀ sì tún dùn pé ohùn yẹn wà lóòótọ́.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Tó bá hó tán, a óò dé e. Yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, títí òtútù á fi kọjá. Tá a bá ṣí i, omi funfun tá a rọ síbẹ̀ ti di àwọ̀ tó o rí yẹn. Ó tún máa pẹ́ fún ọdún mélòó kan nínú àgbá onígi kó tó dénú ìgò. Torí àwọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọsàn kankan ò sí nínú rẹ̀. Àwọ̀ ọsàn ló ní."

"Ọsàn wo?" ni Nùsírátù béèrè.

"Ọsàn náà ni."

"Ọsàn ta ni? Wo bàrò ọlọ́sàn tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ewé àti ọsàn, èwo ni mo lè dá mọ̀ níbẹ̀? Níbo ni ọsàn ti ń pọ́n?"

Láńre yọ orí wo bàrò náà lábẹ́ òjò. Ọsàn aláwọ̀ ewé ló kún un dẹ́nu. "Tiwọn pọ́n," ló wí. "Èèpo tiwọn pọ́n."

"Torí èèpo ọsàn òyìnbó ni mo ṣe fún bàbá mi lọ́tí mu! Kí ló dé tí wọn ò pè é ní wáìnì àgbálùmọ̀? N bá ti béèrè."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, ẹ̀rín tí wọn ò múra sílẹ̀ fún. "Àní, ó tún máa ń fa ahọ́n bí àgbálùmọ̀," ni Láńre wí.

Ẹ̀rín Nùsírátù dúró. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Láńre kò sá. "Mò ń tọ́ ọ wò, mo sì ń tu ú dànù. Iṣẹ́ náà ò ṣeé ṣe láìtọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ní ọdún àkọ́kọ́, mo gbé e mì. Òtútù mú mi, mi ò mọ ẹnì kan. Mo gbé e mì lọ́pọ̀ ìgbà, Nùsí. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ojú rẹ ni mi ò lè wò." Ó tún sọ̀rọ̀. "Bí Bàbá bá wí, n kò ní padà síbẹ̀. N ó wá ṣọ́ọ̀bù sí Trade Fair, n ó máa ta pátì mọ́tò."

Nùsírátù wò ó. Ó mọ̀ pé yóò ṣe bó ṣe wí. Ó sì rí i pé iná tó wà lójú rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ìkòkò ti kú pátápátá nígbà tó dárúkọ pátì mọ́tò. Ó dùn ún pé ọkọ òun mutí. Ó dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ pé ọdún mẹ́fà ni ọkùnrin yìí ti fẹ́ràn nǹkan kan tó báyìí, tí òun ò sì mọ̀.

"Kì í ṣe èmi nìkan lo purọ́ fún," ló wí. "Dìde. Bó o ṣe sọ ọ́ fún mi ni kó o sọ ọ́ fún Bàbá."

Ọ̀kadà méjì ni wọ́n gùn lọ sí Àmúwò lábẹ́ òjò. Bàbá wà ní pálọ̀, ó ń ka tẹ̀súbáà lójú fèrèsé. Ó dáhùn ìkíni wọn, kò yí ojú sí wọn. Láńre dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò dìde títí Bàbá fi sọ fún un pé ilẹ̀ tutù.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ ti òkè, ó sọ ti àjàrà funfun tí wọ́n ń ṣe bíi dúdú, ó sọ ti bàbá arúgbó tí àwọn aládùúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá ń fa ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Nígbà tó dórí ìkòkò, ìka Bàbá dúró.

"Dé ọrùn?"

"Dé ọrùn, Bàbá."

"Ìyá mi àgbà máa ń rì àmù báyẹn, nínú agboolé wa, kí wọ́n tó kọ́ Festac pàápàá. Omi rẹ̀ máa ń tutù ju ti fíríìjì lọ." Ó gbójú wo òjò. Lẹ́yìn náà ó rántí ara rẹ̀. "Ó ṣì jẹ́ ọtí."

"Ọtí ni, Bàbá. Mo sì ti mu ún rí."

Nùsírátù kò rò pé yóò sọ ìyẹn. Ó di ẹsẹ̀ àga mú. Láńre sọ ọ́ láìbò, ti ọdún àkọ́kọ́ àti ti òtútù. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó gbé tẹ̀súbáà lé itan.

"Èyí tó o gbé mì, ìwọ àti Ọlọ́run lẹ jọ wà níbẹ̀," ló wí. "Èmi náà mu tèmi nígbà kan, mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò mu ún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí, mi ò lè fọwọ́ sí i. Ìwọ ni wọ́n máa bi léèrè ohun tó o fi wá oúnjẹ." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, Nùsírátù? Kí nìwọ fẹ́?"

Ìyá ọkọ Nùsírátù ti sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ààfáà ti sọ fún un. Láńre ti sọ fún un pé ó kù díẹ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ ti sọ pé òpin sùúrù lèrè. Kò sí ẹni tó tíì bi í ní ìbéèrè yìí láti ọdún mẹ́fà.

"Bàbá, mo fẹ́ lọ," ló wí. "Ọtí yẹn ò ní kan ẹnu mi, n kò sì ní fọ ìkòkò ẹnikẹ́ni. Aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n rán, òun ni n ó máa rán. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo ti ń fẹ́ fóònù, Bàbá. Ó ti sú mi. Ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ wà. Bó bá tún purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo mọ ọ̀nà ilé."

Òjò ń rọ̀ lórí páànù ilé àwọn ayálégbé. Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nùsírátù mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó ń wa mọ́tò wá ṣínu ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe àkàrà ló ń wá. Ẹ̀rù ń bà á pé Bàbá yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé bó bá sọ ọ́, òun lè má lè lọ mọ́.

"Ọláńrewájú," ni Bàbá wí.

"Sà."

"Òtútù ibẹ̀ yẹn, ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀, Bàbá. Nígbà míì, yìnyín máa ń bo gbogbo oko."

"Ọmọ yìí ò lè fara da òtútù. Láti kékeré, bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ikọ́ á mú un. Ìyá rẹ̀ ló máa ń fi òrí pa á láyà." Ó kó tẹ̀súbáà sápò. "Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ̀wù tó nípọn ni kó o kọ́kọ́ rà fún un kó o tó ra ohunkóhun. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Bàbá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Ó kọjá lára ọmọ rẹ̀ láì wò ó, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ kàn án lórí, fẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré. Wọ́n gbọ́ tó ṣí ẹ̀rọ omi. Omi náà ń dà, ó ń dà, ó pẹ́ ju ti àlùwàlá lọ.

Nùsírátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Láńre fẹ́ gbá a mọ́ra, ó fi ọwọ́ dá a dúró. Bàbá rẹ̀ ti jẹ́ kó lọ, bó bá sì di ààwẹ̀ ọdún tó ń bọ̀, Bàbá nìkan ni yóò jókòó sídìí oúnjẹ. Ó mọ èyí dájú, ó sunkún rẹ̀ tẹ́rùn, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.